ÌPELE ỌMỌ NÍNÚ OYÚN TÍTÍ DI ỌJỌ́ ÌBÍ: ÀMÁNÀ ỌLỌ́HUN NÍ ỌWỌ́ WA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn láti inú ohun tí kò tó nǹkan, tí ó sì sọ ọ́ di ẹni tí ń gbọ́rọ̀, tí ń ríran. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sahaba rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.



Àkòrí tí a gbé lé mi lọ́wọ́ ní ọdún yìí ni bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún títí tí a ó fi bí i. Àwọn kan lè máa rò ó nínú ọkàn wọn pé, ọ̀rọ̀ dókítà àti agbẹ̀bí kọ́ nìyí? Kí ló kan Àlùfáà? Ó kàn wá o. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣe àlàyé.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ÀWA MÙSÙLÙMÍ

Imam Malik gbà á wá nínú ìwé rẹ̀ Muwatta pé, ní àsìkò Sayyidina Uthman (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), wọ́n mú obìnrin kan wá tí ó bímọ ní oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní kò lè jẹ́ ọmọ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì dájọ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ ní òkò. Sayyidina Ali bá dìde. Ó ní obìnrin yìí kò jẹ̀bi. Ó ka áyà kan tí ó sọ pé oyún àti ọmú jọ gba 30 oṣù (Suratul-Ahqaf, 46:15), ó tún ka òmíràn tí ó sọ pé ọmú pípé jẹ́ ọdún méjì, èyíinì 24 oṣù (Suratul-Baqarah, 2:233). Bí a bá yọ 24 kúrò nínú 30, mélòó ni ó kù? Oṣù 6 ni. A jẹ́ pé oyún oṣù mẹ́fà lè jẹ́ oyún tí ó mọ́. Sayyidina Uthman ránṣẹ́ kíákíá kí wọ́n dá obìnrin náà padà, ṣùgbọ́n kí ìránṣẹ́ tó dé ibẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ ní òkò pa.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rò ó wò. Ìṣirò oyún ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ìmọ̀ ni ì bá gba obìnrin náà là, ìmọ̀ sì pẹ́ dé. Títí di òní, àìmọ̀ nípa oyún ṣì ń pa obìnrin, ó ṣì ń tú ilé ká, ó ṣì ń sọ ọmọ di ẹni ẹ̀gàn láàrin ẹbí. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé ni èyí: ìpele kọ̀ọ̀kan tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ fún ọmọ inú oyún ni ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lára wa. Ẹni tí kò bá mọ ìpele, kò lè mọ ẹ̀tọ́ tí ó jẹ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ̀ wí pé ìwé ìmọ̀nà ni Al-Kùránì, kì í ṣe ìwé tí dókítà fi ń kọ́ iṣẹ́. Ó ń tọ́ka sí àmì fún ẹni tí ó bá ní làákàyè, ó sì fi kíkà àti wíwádìí sílẹ̀ fún wa. Nítorí náà, n óò máa mú ohun tí Al-Kùránì àti Hadith sọ, n óò sì máa fi ohun tí àwọn onímọ̀ ìwòsàn ti rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌPELE KÌÍNÍ: NUTFAH, OMI ỌKÙNRIN ÀTI TI OBÌNRIN

Nínú Suratul-Mu'minun (23:12–14), Ọlọ́hun to àwọn ìpele náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti inú amọ̀, ó di nutfah, ó di alaqah, ó di mudgah, ó di eegun, a fi ẹran bo eegun, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀dá mìíràn pátápátá.

Nutfah ni omi díẹ̀. Suratul-Insan (76:2) sì jẹ́ kí ó yé wa pé omi àdàlù ni. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń jiyàn lórí èyí. Nígbà tí Leeuwenhoek, ará ilẹ̀ Netherlands, fi awò rí àwọn ohun alààyè inú àtọ̀ ní ọdún 1677, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé odidi ọmọ kékeré ni ó kákò sínú àtọ̀ ọkùnrin, pé inú obìnrin kò ju oko tí a gbìn ín sí lọ. Ọdún 1827 ni Karl Ernst von Baer tó rí ẹyin inú obìnrin. Ṣùgbọ́n ní ayé Ànọ́bì (S.A.W.), nígbà tí Umm Sulaym bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí, ó ti jẹ́ kí ó yé e pé obìnrin náà ní omi tirẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń jọ ìyá rẹ̀. Ó wà nínú Sahih Muslim.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Lóṣooṣù, ẹyin kan a máa jáde nínú obìnrin. Kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí àtọ̀ ọkùnrin bá bá a pàdé nínú ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí ilé-ọmọ, ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ni yóò wọlé, ilẹ̀kùn á sì tì. Krómósómù 23 láti ara bàbá, 23 láti ara ìyá, wọ́n di 46. Níbẹ̀ ni a ti mọ àwọ̀, ìrísí àti irú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó so yìgì. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS.

Níbẹ̀ náà ni a ti mọ akọ tàbí abo. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbi yìí o. Irú kan ṣoṣo ni ẹyin obìnrin máa ń gbé wá, X ni wọ́n ń pè é. Ti ọkùnrin ni ó pín sí méjì, àwọn kan gbé X, àwọn kan gbé Y. Bí X bá wọlé, obìnrin ni. Bí Y bá wọlé, ọkùnrin ni. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Nettie Stevens, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1905. Suratun-Najm (53:45–46) sì ti sọ pé láti inú omi tí a dà jáde ni Ọlọ́hun ti dá oríṣi méjèèjì, akọ àti abo.

Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ń bá ìyàwó jà sí? Mo ti jókòó ṣe ìlàjà ní ilé tí ọkọ ti fẹ́ kọ ìyàwó sílẹ̀ nítorí pé ọmọbìnrin mẹ́rin ni ó bí. Ìyá ọkọ ní obìnrin náà "kò mọ ọkùnrin bí". Lójú ìmọ̀, ohun tí bàbá gbìn ni ìyá bí fún un. Lójú ẹ̀sìn, bàbá pàápàá kò yàn án. Ọlọ́hun ní Òun ń ta ẹni tí ó wu Òun lọ́rẹ ọmọbìnrin, Ó ń ta ẹni tí ó wù Ú lọ́rẹ ọmọkùnrin, Ó ń pa méjèèjì pọ̀ fún ẹlòmíràn, Ó sì ń fi àwọn kan sílẹ̀ láìbímọ (Suratush-Shura, 42:49–50). Ẹni tí ojú rẹ̀ dúdú nígbà tí wọ́n ní ọmọbìnrin ni ìyàwó rẹ̀ bí, ìwà àwọn kèfèrí Lárúbáwá àtijọ́ ni ó ń hù (Suratun-Nahl, 16:58–59).

ÌPELE KEJÌ ÀTI ÌKẸTA: ALAQAH ÀTI MUDGAH

Mò ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí oyún bá dúró. Ilé ìwòsàn ń kà á láti ọjọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà ìṣirò tiwọn fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ju èyí lọ.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà sí ìkẹwàá, ọlẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara ilé-ọmọ. Àwọn àgbà wa máa ń túmọ̀ alaqah sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó tọ́, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá tún fi ọ̀rọ̀ yìí pe ohun tí ó rọ̀ mọ́ nǹkan, ó sì fi pe eṣúṣú, èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ara tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọlẹ̀ rí ní àkókò yìí: ó lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ara ìyá ni ó sì ti ń jẹun.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 22, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ kò tíì tó hóró ìrẹsì kan. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ihò tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn á ti pa dé. Mudgah, èyí tí ó túmọ̀ sí ègé ẹran tí a fi eyín jẹ, ni ó tẹ̀ lé e: ara ọlẹ̀ á sé kókó-kókó lẹ́yìn bí ojú eyín, láti ibẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn ti ń jáde. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á rú bí ẹ̀ka. Nínú Hadith Huzayfah ọmọ Asid tí Muslim gbà wá, lẹ́yìn òru 42 ni Ọlọ́hun ń rán málẹ́íkà tí yóò ya àwòrán rẹ̀, tí yóò ṣe etí, ojú, awọ, ẹran àti eegun rẹ̀, tí yóò sì bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Àwọn onímọ̀ rí i pé ọ̀sẹ̀ keje ni ẹ̀yà akọ àti ti abo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀. Nígbà tí yóò bá fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀yà ara pàtàkì ti fìdí múlẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹ̀pà tí a kò tíì pa lọ.

Ẹ rí i báyìí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá ti parí kí ẹlòmíràn tó mọ̀ pé òun lóyún! Ẹ̀tọ́ tí ìpele yìí ní lára wa ni pé kí obìnrin tí ó ń retí oyún ti máa lo oògùn folic acid, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, kí oyún tó dé títí yóò fi di oṣù mẹ́ta, nítorí ó ń dín àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn kù. Kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Kí ó má ṣe máa da àgbo tàbí oògùn tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu. Kí ọkọ náà má ṣe máa fín sìgá sí i lára.

Bí oyún bá sì bàjẹ́ ní àkókò yìí, ẹ má ṣe wá àjẹ́ kiri ilé. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ sọ pé nínú mudgah, òmíràn pé ní ìṣẹ̀dá, òmíràn kò pé (Suratul-Hajj, 22:5). Ọ̀pọ̀ oyún tí ó wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ èyí tí krómósómù rẹ̀ kò tò dáadáa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí a tọ́jú ìyá, kí a rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sí ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

ÒKÙNKÙN MẸ́TA

Suratuz-Zumar (39:6) sọ pé inú òkùnkùn mẹ́ta ni Ọlọ́hun ti ń dá wa. Àwọn onítumọ̀ ní ikùn ìyá ni àkọ́kọ́, ilé-ọmọ ni èkejì, àpò tí ó wé mọ́ ọmọ ni ẹ̀kẹta. Omi wà nínú àpò náà tí ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kí ìgbálù má bàa pa á lára. Ibi àti ìwọ́ ni ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kì í dà pọ̀ mọ́ra wọn nígbà gbogbo bí a ti ń rò. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbà kọjá nínú ibi, tí oúnjẹ àti atẹ́gùn ń bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ, tí ìdọ̀tí ọmọ sì ń bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá.

Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí ìyá bá jẹ ni ọmọ jẹ. Ẹ̀yin ọkọ, kì í ṣe orí ẹran nìkan ni a ń pín nílé. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, aboyún ni kí ó kọ́kọ́ kàn. Obìnrin tí a ti kọ̀ sílẹ̀ pàápàá, bí ó bá wà nínú oyún, Ọlọ́hun ní kí a máa ná owó lé e lórí títí tí yóò fi bímọ (Suratut-Talaq, 65:6). Tí ẹni tí a kọ̀ bá ní ẹ̀tọ́ yìí, èyí tí ó wà nílé ń kọ́? Bákan náà, bí ààwẹ̀ Ramadan bá fẹ́ pa aboyún tàbí ọmọ inú rẹ̀ lára, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún un kí ó ṣínu, kí ó san án padà tí ara bá yá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtìjú pa á.

ỌGỌ́FÀ ỌJỌ́: NÍGBÀ TÍ A FẸ́ Ẹ̀MÍ SÍ I

Nínú Hadith Abdullahi ọmọ Mas'ud tí Bukhari àti Muslim gbà wá, lẹ́yìn ìpele mẹ́ta tí a ka ogójì ọjọ́ sí, málẹ́íkà yóò wá fẹ́ ẹ̀mí sí ọmọ, yóò sì kọ arísìkí rẹ̀, ọjọ́ ikú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti bóyá olóríire ni tàbí olórí burúkú. Ogójì lọ́nà mẹ́ta, 120 ọjọ́ nìyẹn, oṣù mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí Hadith yìí àti ti Huzayfah ṣe bára mu, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé lẹ́yìn 120 ọjọ́, ènìyàn pípé ní ẹ̀mí ni.

Ní àkókò yìí kan náà ni ìyá máa ń sọ pé, "Ọlẹ̀ ti sọ." Ẹni tí ó ti bímọ rí máa ń tètè mọ̀ ọ́n, alákọ̀ọ́bí lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ẹ̀tọ́ tí ìpele yìí ní ni ẹ̀tọ́ ẹ̀mí. Ṣíṣẹ́ oyún lẹ́yìn 120 ọjọ́ jẹ́ haramu ní ìfẹnukò, àfi bí àwọn oníṣègùn tí a fọkàn tán bá sọ pé ẹ̀mí ìyá ni yóò bá a lọ. Kí ó tó di àkókò yẹn ńkọ́? Mazhab Maliki tí àwa ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ yìí ni ó le jù lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fàyè gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ oníwàásù àti òbí ni kí ẹ sá wá bí wàhálà bá dé, ẹ má ṣe sá lọ sí kọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi irin ba ilé-ọmọ jẹ́. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má ṣe ṣe ojú tí ọmọ kò fi ní lè sá wá bá yín.

LÁTI OṢÙ KARÙN-ÚN DÉ OṢÙ KẸSÀN-ÁN

Láti ìgbà yìí, dídàgbà ni ó kù. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ọmọ ti ń gbọ́ ohùn, ó sì ń ta gìrì sí ariwo. Ohùn tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni ti ìyá rẹ̀. Kí ni a fẹ́ kí ó máa gbọ́, Al-Kùránì ni tàbí èébú?

Bí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ 28 ní ìṣirò ilé ìwòsàn, ọmọ a tó nǹkan bíi kílò kan. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń gbó kẹ́yìn. Ohun kan tí ń jẹ́ kí ó lè ṣí kí ó sì máa mí kì í tó títí di bí ọ̀sẹ̀ 34 sí 36. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí láìpé oṣù fi nílò ìtọ́jú ilé ìwòsàn kíákíá. Nígbà tí oṣù bá pé, ọ̀pọ̀ wọn á tó bíi kílò mẹ́ta.

Ìṣirò náà rọrùn. Láti ọjọ́ tí obìnrin rí nǹkan oṣù kẹ́yìn dé ọjọ́ ìbí jẹ́ nǹkan bí 280 ọjọ́. Láti ìgbà tí oyún dúró gan-an, ó jẹ́ nǹkan bí 266 ọjọ́. Ẹ fi oṣù tí a ń wò lójú ọ̀run kà á: oṣù mẹ́sàn-án géérégé ni. Ọ̀sẹ̀ méjì síwájú tàbí sẹ́yìn kì í ṣe ohun ìjà. Oṣù mẹ́fà ni ó kéré jù ní òfin ẹ̀sìn, bí Sayyidina Ali ti ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní oṣù keje lẹ́yìn yìgì, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ẹbí rẹ̀ náà pa ẹnu mọ́. Ìjìyà ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin mímọ́ láìsí ẹlẹ́rìí mẹ́rin jẹ́ 80 kòbókò (Suratun-Nur, 24:4).

Láàrin àkókò yìí, kí aboyún máa lọ fún àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2016 sọ pé ó kéré tán, kí ó tó ìgbà mẹ́jọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ àti ìdúró ọmọ, tí wọ́n ń fún un ní oògùn ibà, abẹ́rẹ́ ìpá àti oògùn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára. Obìnrin kan lè ní, "Mo bí mẹ́ta sílé láìsí nǹkan." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

ỌJỌ́ ÌKÚNLẸ̀

Al-Kùránì kò fi ìnira yìí ṣeré. Àìlera lórí àìlera ni ó pe oyún (Suratu Luqman, 31:14). Maryam, ìyá Ànọ́bì Isa, ìrọbí mú un débi tí ó fi ní òun ì bá ti kú ṣáájú (Suratu Maryam, 19:23). Kí ni Ọlọ́hun ṣe fún un? Ó pèsè omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, Ó sì ní kí ó mi igi dàbínù kí èso bọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ kíyè sí i: Ọba tí ó lè bọ́ ọ láìmi igi, síbẹ̀ Ó ní kí ó mi igi. Obìnrin tí ń rọbí! Ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Àdúà pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ mi igi. Ànọ́bì (S.A.W.) pẹ̀lú sọ fún ẹni tí ó ní ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀, ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni ó kú nínú ọ̀ràn oyún àti ìbí ní Nàìjíríà, èyí sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti gbogbo ayé lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ríru, kòkòrò àìsàn àti ìrọbí tí ó há, wọ̀nyí ni olórí ohun tí ń pa wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní àtúnṣe bí a bá tètè débẹ̀.

Àwọn àmì tí a kò gbọ́dọ̀ fi òru kan dúró dè nìwọ̀nyí:

1. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lójú ara, nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbí.
2. Orí fífọ́ líle, kí ojú máa ṣú, kí ojú àti ọwọ́ máa wú, tàbí gìrì.
3. Ibà líle.
4. Kí omi ya láìsí ìrọbí, tàbí kí ọmọ má sọ mọ́.
5. Ìrọbí tí ó bá ti ju wákàtí 12 lọ láìbímọ.

Ìrọbí tí ó há tí a kò tètè tọ́jú lè pa ọmọ, ó sì lè dá ihò sí àpò ìtọ̀ ìyá, kí ìtọ̀ máa dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo ti gbọ́ kí ọkọ sọ pé òun kò ní jẹ́ kí dókítà ọkùnrin rí ìyàwó òun. Bí obìnrin dókítà bá wà, òun ni kí a wá. Bí kò bá sí, dandan ti dé, dandan sì máa ń sọ ohun tí a kọ̀ di ohun tí a yọ̀ǹda. Mo tún gbọ́ kí wọ́n ní ìyàwó kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn títí ọkọ yóò fi ti ìrìn-àjò dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àṣẹ náà láti oṣù kẹfà. Ẹ tọ́jú owó, ẹ mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e lóru, ẹ mọ ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe àìní ìgbàgbọ́. Ọlọ́hun ní kí a má ṣe fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun (Suratul-Baqarah, 2:195).

LẸ́YÌN TÍ ỌMỌ BÁ DÉ

Bí ọmọ bá ké, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ṣí nìyẹn. Kí a nù ún gbẹ, kí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, kí a pe ìrun sí i létí. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n bí òróró kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ má fún un dànù, òun ni ààbò ọmọ lọ́wọ́ àìsàn. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí a fi oúnjẹ kún un títí di ọdún méjì. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, eérú tàbí òróró ẹ̀rọ sí ìwọ́ ọmọ. Ìpá ni ó ń fà. Lẹ́yìn èyí ni àkíìkà àti ìsọmọlórúkọ.

Bí ọmọ kò bá ké, tí ó jẹ́ òkú ni a bí i, ní Mazhab Maliki, a kì í kírun sí i lára. A ó wé e, a ó sì sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí á má jù ú sí ààtàn. Kí á má sì pe ìyá rẹ̀ ní orúkọkórúkọ.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, omi ni wá tẹ́lẹ̀, a di ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ìyá, a di ègé ẹran, a di eegun, a di ènìyàn. Ní gbogbo ìpele wọ̀nyí, a kò lè ṣe ohunkóhun fún ara wa. Ọlọ́hun ni ó ń ṣe é, ara obìnrin kan ni ó sì ti ń ṣe é. Bí a bá wá ní agbára lónìí, ẹ̀san tí ó kéré jù ni kí a má fi àìmọ̀ pa obìnrin tí ó tún wà ní ipò tí ìyá wa wà. Ẹ̀yin Imaamu, ẹ mú àmì márùn-ún tí mo kà yìí lọ sórí mínbárì yín, kí ẹ sọ ọ́ ní Jímọ̀ kan. Ẹ̀yin Alásàláátù, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀mí ẹnìkan ni yóò gbà là kí ìránṣẹ́ má baà pẹ́ dé.

Kí Ọlọ́hun sọ gbogbo aboyún wa kalẹ̀ ní àlàáfíà, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àwọn tí ń wá ọmọ, kí Ọlọ́hun fún wọn ní èyí tí yóò tutù lójú wọn. Àwọn tí ó ti lọ lórí ìkúnlẹ̀, kí Ọlọ́hun kà wọ́n mọ́ àwọn ṣẹ̀ẹ́dì. Amin.